Nígbà tí Ìràwọ̀ Méjì Bá Di Ọ̀kan: Ohun tí Ojú Lè Rí láti Iléṣà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà. Mo kà á níbì kan pé ìràwọ̀ méjì lè wọnú ara wọn kí wọ́n sì di ẹyọ kan, àti pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nígbà náà máa ń pọ̀ débi pé a lè rí i láti ilé ayé. Ṣé àwa náà lè rí irú rẹ̀ láti ìlú wa níbí? Bí a bá rí i, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé òun ni, pé kì í ṣe nova lásán, ìyẹn ìràwọ̀ tó kàn ṣàdédé tàn gan-an tó sì tún rẹlẹ̀? Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti dá owó díẹ̀ jọ fún wa. Ṣé kí a fi ra tẹlisíkóòpù?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. N ó kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí láti Ifẹ̀ níbí, kí n tó wá tú u palẹ̀. Ó ṣeé rí láti Iléṣà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ohun tí bínókúlà kékeré lè mú láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, kò sì sí ẹni tó tíì lè dá ọjọ́ fún un kí ọjọ́ náà sì pé. Ìdí tí n kò fi fẹ́ fi ìdáhùn mọ síbẹ̀ ni pé àwọn alẹ́ tó ṣáájú ìmọ́lẹ̀ ńlá yẹn, àti àwọn alẹ́ tó tẹ̀ lé e, ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Bí kò bá sí ẹnì kan tó fi sùúrù kọ wọ́n sílẹ̀, ìràwọ̀ tó tàn tó sì wọ̀ọ̀kùn ni a ó máa pè é títí láé. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò kọjá agbára ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn kan ṣe bí ajá oṣù ni, bẹ́ẹ̀ àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ọ̀rọ̀ náà bá ìmọ̀ ìràwọ̀ mu, nítorí pé àgùàlà, tí í ṣe Venus, jìnnà sí wa tó nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ibi tí òṣùpá wà, nígbà tó bá sún mọ́ wa jù lọ pàápàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tó dà bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn: ojú wa ló kó wọn pọ̀. Àwọn mìíràn sì wà, wọ́n pọ̀ gan-an, tí òòfà so pọ̀ ní tòótọ́, tí ọ̀kan ń yí èkejì po láti ìgbà tí wọ́n ti wà. Àwọn wọ̀nyí ni n ó máa pè ní ìràwọ̀ ìbejì nínú ìdáhùn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Táyé lè wúwo tó ìlọ́po mẹ́wàá Kẹ́hìndé.

Bí irú ìbejì bẹ́ẹ̀ bá sún mọ́ ara wọn jù, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó jẹ́ ara ọ̀kan yóò kan ara èkejì. Ẹ wo ẹ̀pà tí a kò tíì pa, tí kóró méjì wà nínú èèpo kan, tí ọrùn tín-ín-rín sì wà láàárín wọn. Bí irú ìràwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, wọ́n sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún láìjà. Kí ló wá ń mú kí wọ́n rì sínú ara wọn? Òòfà ọ̀kan máa ń fa ara èkejì gùn, gẹ́gẹ́ bí òṣùpá ṣe ń fa omi òkun, fífà yìí ló sì ń mú kí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa pòòyì ní ìwọ̀n kan náà tó fi ń yí èkejì po. Inú ìyípo àwọn méjèèjì ni ìràwọ̀ ńlá ti ń yọ agbára tó fi ń pòòyì. Níwọ̀n ìgbà tí ìyípo náà bá ní tó láti fún un, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ kékeré bá ti kéré jù, tàbí tí ńlá bá ń wú bó ti ń dàgbà, ọ̀rọ̀ á dà bíi ti oníṣòwò tó ti jẹ èrè tán tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú owó: bó bá ti yọ díẹ̀, àwọn méjèèjì á tún sún mọ́ra sí i, sísúnmọ́ra yẹn á sì mú kí ó nílò láti yọ ju ti àná lọ, títí ìṣòwò náà yóò fi wó. Afẹ́fẹ́ tó ń tú dànù kúrò lára wọn nígbà náà tún ń bá wọn gbé lára agbára náà lọ.

Ìràwọ̀ tó jẹ́ kí a rí gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni V1309 Scorpii, tó wà ní apá ojú ọ̀run tí àwòrán Àkeekèé wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, àwọn olùṣọ́ ìràwọ̀ kan ní Japan, tí wọ́n ń ṣe é fún ìfẹ́ rẹ̀ lásán, rí ìmọ́lẹ̀ tuntun níbi tí wọn kò ti rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, magnitude rẹ̀ sì jẹ́ 9.5. (Fún àwọn ọmọ: magnitude ni ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ojú lásán kì í sì í kọjá nǹkan bí 6 níbi tó ṣókùnkùn dáadáa.) Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó tún mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ pè é ní nova. Ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ó ti pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ, nova kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti Poland, tí Romuald Tylenda ṣáájú wọn, wá lọ tú àkọsílẹ̀ àtijọ́. Tẹlisíkóòpù tí Yunifásítì Warsaw ní ní Las Campanas ní orílẹ̀-èdè Chile ti ń ya àwòrán apá ojú ọ̀run yẹn láti ọdún 2001, nítorí iṣẹ́ mìíràn pátápátá tí wọ́n ń pè ní OGLE. Ìràwọ̀ náà wà nínú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn ní ìgbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún, láìsí ẹni tó kà á sí. Nígbà tí wọ́n to ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ní alẹ́ dé alẹ́, wọ́n rí i pé ó ń lọ sókè-sódò ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí ọjọ́ 1.4, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀pà oníkóró méjì tó ń yí níwájú wa yóò ti ṣe, tí a bá rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tán kí a tó rí orí rẹ̀. Láti 2002 dé 2007, àsìkò ìyípo náà ń dín kù: ohun tó dín kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bí ogún ìṣẹ́jú nínú wákàtí 34, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni dídínkù náà ń yára sí i. Òkè méjì tó wà nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan sì ń di òkè kan díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan bò ó. Láti nǹkan bí oṣù kẹta ọdún 2008 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, ó bú yọ lójijì títí ó fi mọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún rí lílọ sókè-sódò ọjọ́ 1.4 mọ́. Méjì ti di ọ̀kan.

Mo dúró pẹ́ lórí èyí nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: àwọn tó rí ìbúyọ náà kò mọ ohun tí wọ́n rí, àwọn tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kò sì mọ̀ pé àwọn ní in. Ìgbà tí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ ọdún méje wé ìmọ́lẹ̀ oṣù kan ni ọ̀rọ̀ tó yé.

Ibo ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá? Bí ìràwọ̀ kékeré bá ti rì sínú ńlá, àwọn méjèèjì á wọ ẹ̀wù kan náà, ẹ̀wù afẹ́fẹ́ gbígbóná, kékeré á sì máa ro ó bí ẹni ro ọkà, títí apá kan nínú ẹ̀wù náà yóò fi fò dànù sínú òfurufú. Afẹ́fẹ́ tó fò dànù yìí á máa fẹ̀, á máa tutù. Háídrójìn inú rẹ̀, tí ooru ti tú sí wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀, á wá tún ara rẹ̀ kó jọ, á sì tú agbára tó wà nípamọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó ti ṣí ìdérí ìkòkò rí tí oru gbá a lọ́wọ́ mọ̀ pé oru máa ń jóni ju omi gbígbóná lọ. Bí oru ṣe ń padà di omi lára ọwọ́ ni ó ń tú ooru rẹ̀ sílẹ̀. Natalia Ivanova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní ọdún 2013 pé irú ìtúsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyí dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan kó tó rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni eruku á dì nínú afẹ́fẹ́ tó ti tutù, á sì bo gbogbo rẹ̀ bí èéfín ṣe ń bo iná igi tútù. Ojú wa kò ní rí i mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń rí infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ ti ooru, á ṣì máa rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ẹ ó fi ya á sọ́tọ̀ kúrò lára nova wà nínú àlàyé yìí. Nova a máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí aràrá funfun, ìyẹn ìràwọ̀ tó ti kú tó sì sún kì bí òkúta, bá ń fa háídrójìn láti ara ìràwọ̀ tó ń bá gbé, tí háídrójìn náà sì gbaná lójú rẹ̀. Kò sí èyí tí ìbúyọ náà pa run nínú àwọn méjèèjì. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí T Coronae Borealis ṣe tàn ní 1866 tó sì tún tàn ní 1946. Bí nova bá ń rẹlẹ̀, ara aràrá funfun gbígbóná náà ni a ń sún mọ́ láti rí, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbóná sí i. Ìràwọ̀ tó dàpọ̀ ṣe òdìkejì rẹ̀: bó bá ṣe ń rẹlẹ̀ ni ó ń tutù, ni ó ń pọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní luminous red nova ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nova pupa ni n ó máa pè é. Mo gbà pé orúkọ náà ń ṣini lọ́nà díẹ̀, nítorí kì í ṣe nova rárá, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Ní ti agbára, ó wà láàárín nova àti supernova, ìyẹn ìbúgbàù tó ń tú odindi ìràwọ̀ ká. Ẹ má sì ṣe pa á pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, tí ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì kọlu ara wọn nínú gálásì (ìyẹn agbo ńlá àwọn ìràwọ̀) tí wọ́n ń pè ní NGC 4993. Ìyẹn jẹ́ ti òkú ìràwọ̀ méjì, ó jìnnà sí wa tó nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín ọdún kan), ọjọ́ díẹ̀ péré ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì fi rọlẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù pé kò sí bínókúlà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà náà ni V838 Monocerotis. Wọ́n rí i ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 2002 láti Australia, magnitude rẹ̀ wà ní nǹkan bí 10. Ó mọ́lẹ̀, ó rẹlẹ̀ díẹ̀, ó sì tún mọ́lẹ̀, ó gun òkè mẹ́ta láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta; nínú oṣù kejì ó dé nǹkan bí 6.7, ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀ kí ojú lásán rí i. Ẹni tó bá jáde sí àgbàlá rẹ̀ ní Iléṣà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà náà, tó sì gbé orí sókè, yóò rí Sirius àti Procyon. Nítòsí àárín ìlà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni ìràwọ̀ náà wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtàrí ẹni gan-an. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ti já wálẹ̀, ó ti pọ́n kọjá ohun tí ojú lè gbà. Nígbà tó rẹlẹ̀ tán ni wọ́n wá rí i pé ìràwọ̀ búlúù kan tún wà nítòsí rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ìbúyọ náà ti bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀, kí méjì nínú wọn tó di ọ̀kan.

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni àwòrán tí tẹlisíkóòpù Hubble ń yà á láti 2002 lọ: eruku tó yí i ká ń tàn, ó sì dà bí òdòdó ńlá tó ń là lójoojúmọ́. Eruku náà kò kúrò lójú kan. Ó ti wà níbẹ̀ kí ìràwọ̀ náà tó bú yọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó sì ń padà sí wa, gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹni tó pariwo lẹ́bàá òkè ṣe ń padà wá bá a. Ibi tó wà jìnnà tó nǹkan bí 20,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ohun tí a pè ní ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2002 ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú kan dó ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ti àtijọ́ náà wà. Ọkùnrin ẹlẹ́sìn kan tí ń jẹ́ Anthelme rí ìràwọ̀ tuntun láti Dijon ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹfà ọdún 1670, ó wọ̀ọ̀kùn, ó tún yọ ní 1671. Nova ni wọ́n pè é fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta. CK Vulpeculae ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Ní 2015, lẹ́yìn tí wọ́n rí irú afẹ́fẹ́ tútù tó ṣẹ́kù níbẹ̀, àwọn onímọ̀ kan sọ pé ìràwọ̀ méjì tó dàpọ̀ ni, àríyànjiyàn kò sì tíì tán lórí irú ìràwọ̀ tí wọ́n jẹ́. Ní ọdún 2020 ni wọ́n tún rí èyí tó kéré gan-an, ìràwọ̀ kan tó gbé pílánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ mì. Ọdún 2023 ni wọ́n tó kéde rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀? Christopher Kochanek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ní 2014 pé nínú gálásì tiwa yìí, irú tó kéré bíi V1309 Scorpii lè máa wáyé lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọdún méjì, ṣùgbọ́n irú tó lágbára tó V838 Monocerotis kò ju nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọdún. Eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ sì ń bo púpọ̀ nínú wọn mọ́ wa lójú. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ọmọ tó wà ní kíláàsì yín lónìí lè rí ẹyọ kan tàbí méjì tó tó bínókúlà kó tó di arúgbó.

Ní ti sùúrù, kò yẹ kí ẹni Ifẹ̀ máa kọ́ ọmọ Iléṣà. Àwọn òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri láyé àwọn bàbá yín mọ ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n mọ iye tó kù àti ọjọ́ tí olúwarẹ̀ dá. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n á padà sí, wọ́n á lóṣòó síbẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹ yan apá kan ṣoṣo lójú ọ̀run, kó má fẹ̀ jù, kó wà ní ọ̀nà funfun tí àwọn ìràwọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ fi bínókúlà mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe mọ àdúgbò yín, kí ẹ sì máa padà síbẹ̀ ní gbogbo alẹ́ tí ìkùukùu bá ṣí. Ibi tí iná ìlú kò dé ló dára jù. Ẹ̀bá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yóò ṣókùnkùn ju àárín Iléṣà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ yín náà á tó. Èmi kò mọ àǹfààní mìíràn tí àìsí iná ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é gan-an. Nínú oṣù kìíní kan tí ọyẹ́ mú, mo gun orí òrùlé pẹlẹbẹ kan ní Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta láti wọn Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa tó wà ní èjìká Orion. Ẹni méjì ni a fi ń wọn ẹnì kan: Procyon, tí magnitude rẹ̀ jẹ́ 0.4, àti Aldebaran, tó jẹ́ 0.9. A ó bi ara wa pé, ta ni Betelgeuse sún mọ́ jù nínú àwọn méjèèjì? Bó bá wà ní àárín gan-an, 0.65 ni, bó bá fi díẹ̀ sún mọ́ Procyon, a ó kọ 0.6. Ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ sọ pé 0.6. Èkejì tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ó ní ó ju Procyon lọ. Kò purọ́, ojú rẹ̀ ló tàn án: bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ìràwọ̀ pupa pẹ́ nínú òkùnkùn, ńṣe ni yóò máa dà bí ẹni pé ó ń mọ́lẹ̀ sí i. Ìwo fìrí-fìrí ni a fi ń wo pupa, a wò ó, a mójú kúrò, a wo èkejì. Àwọn mìíràn a máa yí bínókúlà wọn kó má ríran kedere mọ́, kí ìràwọ̀ lè di ẹyọ róbótó kékeré, èyí sì máa ń mú kí ìfiwéra rọrùn. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí nova pupa ni ẹ ń wá, ìràwọ̀ pupa gan-an sì ni ojú wa ń ṣe màgòmágó lé lórí jù.

Eruku ọyẹ́ náà tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó sì ń pọ́n ohun gbogbo tó bá wà nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìràwọ̀ funfun tó ń wọ̀ lè dà bí ẹyin iná. Nítorí náà, ìràwọ̀ tí ẹ ń wọn àti àwọn tí ẹ fi ń wọn ọ́n gbọ́dọ̀ wà ní gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú ọ̀run, kí eruku tó bo ọ̀kan lè bo èkejì bákan náà. Ní alẹ́ tí mo ń sọ yìí, Procyon ṣì rẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Ó yẹ kí a ti dúró fún wákàtí kan sí méjì kí a tó bẹ̀rẹ̀, a kò sì dúró.

Àṣìṣe tó tún burú jù ìyẹn lọ ni tèmi fúnra mi. Mo kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní alẹ́ náà, mo kọ aago sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò kọ irú aago tí ó jẹ́. Nígbà tí mo padà sí ìwé náà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, n kò lè sọ mọ́ bóyá aago Nàìjíríà ni tàbí aago àgbáyé tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò, tí tiwa fi wákàtí kan ṣáájú. Mo fa igi lé e. Ẹ lè rò pé wákàtí kan kò ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ẹ gbọ́ ìtàn KIC 9832227.

Ìbejì tí ara wọn kan ara wọn ni ìràwọ̀ yìí, ó wà ní apá àwòrán Cygnus, nǹkan bí wákàtí 11 ni ó fi ń yí po. Ní ọdún 2017, Larry Molnar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àsìkò ìyípo rẹ̀ ń dín kù bíi ti V1309 Scorpii, àti pé àwọn méjèèjì yóò di ọ̀kan ní nǹkan bí ọdún 2022, ìràwọ̀ náà yóò sì mọ́lẹ̀ tó ohun tí ojú lásán lè rí. Ìròyìn náà gba gbogbo ayé. Ní 2018, Quentin Socia àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tún àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì bá àṣìṣe ìkọ̀wé nínú ìwé ìwádìí àtijọ́ kan tí ìṣírò náà gbára lé: wákàtí méjìlá gééré ni wọ́n fi ṣi àkókò kan kọ. Níwọ̀n bí ìràwọ̀ náà ti ń yí po ní wákàtí 11, ẹni tó ṣi wákàtí méjìlá kọ yóò rò pé wákàtí kan péré ni ìyípo fi yẹ̀, wákàtí kan sì kéré tó ohun tí ènìyàn lè gbà gbọ́. Bí wọ́n ti tún un ṣe, dídínkù tí wọ́n rò pé àwọn rí kò sí mọ́. Molnar náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 2022 dé, ó kọjá, ìràwọ̀ méjèèjì ṣì ń bá ìjó wọn lọ. Èmi kò rí ohun ìtìjú níbẹ̀, nítorí pé ó gbé ìṣírò rẹ̀ síta kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti ń kọ irú aago sí ìwé mi kí n tó kọ nọ́ńbà.

Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe tíì pe oníròyìn. Ẹ dúró bí wákàtí kan kí ẹ rí i bóyá ó ṣípò, nítorí sátẹ́láìtì àti àwọn òkúta òfurufú máa ń rìn; ẹ wo máàpù bóyá pílánẹ́ẹ̀tì ló kọjá síbẹ̀; kí ẹlòmíràn tí ẹ kò tíì sọ ibi tó wà fún sì fi bínókúlà tirẹ̀ wá a. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, AAVSO, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1911 fún àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, ń gba àkọsílẹ̀ láti gbogbo ayé, ó sì ń fúnni ní máàpù ìfiwéra lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún lè mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Ifẹ̀ níbí, sí ibùdó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì òfurufú ti ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ yín gan-an bẹ̀rẹ̀: alaalẹ́ ni kí ẹ máa kọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó àti àwọ̀ tó ní. Bó bá ń pọ́n bó ti ń rẹlẹ̀, ẹ ti ní ohun tí ẹ ó fi han àwọn tó ní ẹ̀rọ tó lè tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ bí òṣùmàrè, àwọn náà ni yóò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ó wá ku ti owó tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dá. Ẹ má ra tẹlisíkóòpù. Èyí tí owó kékeré lè rà máa ń mì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tó ń fi hàn lójú ọ̀run kéré jù fún irú iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ á sì fi ẹ̀ẹ̀kan wo òṣùpá kí wọ́n tó gbé e sínú àpótí títí láé. Bínókúlà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n kọ 10x50 sí lára ni kí ẹ rà, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle àti tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọ̀rá pupa wé lójú, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má ba òkùnkùn inú ojú jẹ́.

Kí ẹ fi ìràwọ̀ Algol bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kejìlá, tí ẹ bá kọjú sí àríwá lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ìbejì tòótọ́ ni, ojú lásán sì tó o: ní gbogbo ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49, ọ̀kan a bo èkejì, magnitude rẹ̀ a sì já láti 2.1 sí 3.4 fún wákàtí mélòó kan. John Goodricke, ọ̀dọ́mọkùnrin adití kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ àsìkò ìyípo yẹn ní 1783, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó rí ti Beta Lyrae, tí ẹ lè rí ní ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́ oṣù kẹwàá bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ìyẹn fi ń yí po, àsìkò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 19 gùn sí i lọ́dọọdún, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń ṣàn láti ara ọ̀kan sí èkejì. Ohun tí Goodricke kọ sílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ kan máa wo, kí èkejì máa kọ, kí wọ́n sì máa pààrọ̀. Ẹni tó bá ń kọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń wo gbọ́ nọ́ńbà tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ sọ.